Ràṣídátù, Ẹni Tó Ń Bá Wa Mú Kọ́kọ́rọ́

Tí ẹ bá gba àdúgbò wa kọjá ní Òsì-Èkìtì láàárọ̀, ẹ ó rí obìnrin kan tó jókòó sórí àga onírọ́bà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tó na ẹsẹ̀ ọ̀tún sórí àpótí, tí ó ń wo ọ̀kánkán bí ẹni tó rí nǹkan tí ẹ̀yin ò rí. Ràṣídátù nìyẹn. Màmá Ìsmáílà ni àwọn ọmọdé ń pè é, ṣùgbọ́n àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pe orúkọ mọ́ ọn lórí. Ọ̀kadà ló gbá a lójú ọ̀nà Ìdó nígbà tí Yáyà ọkọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Eegun tó ṣẹ́ náà tò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yẹn kò gba ọ̀nà oko mọ́. Ilé ló wà láti ìgbà náà, tó ń bó ẹ̀gúsí, tó ń tòògbé, tó ń lálàá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àlá yẹn, nítorí ẹni tí kò bá mọ àlá Ràṣídátù kò mọ Ràṣídátù. Àwa yòókù a máa lálàá, a ó jí, a ó gbàgbé. Tirẹ̀ kì í parí síbẹ̀. Á jí, á wẹ̀, á kírun, á wá jókòó síta, àlá náà á ṣì máa lọ lójú rẹ̀ ní tirẹ̀. Èmi tí mo ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lódìkejì títì ni ó máa ń rò ó fún, á sì gbé ohùn sókè kí ó lè borí ìró ẹ̀rọ ìránṣọ mi.

“Ìyá Gift, mo lálàá pé mo ń rìn nínú odò kan, odò náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo ẹja inú rẹ̀ ló ń kí mi.”

“Kí ni wọ́n ní?”

“Wọ́n ní mo kú ulé.”

Màá rẹ́rìn-ín títí abẹ́rẹ́ á fi fẹ́ gún mi lọ́wọ́.

Yàtọ̀ sí àlá, kọ́kọ́rọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ní àdúgbò wa, ẹni tó bá ń lọ sóko kì í mú kọ́kọ́rọ́ ilé dání. Ó lè já bọ́ sáàárín ebè, ọmọ lè tètè ti ilé ìwé dé, àbúrò ẹni lè ti Adó wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, gbogbo wọn á gba ọ̀dọ̀ Ràṣídátù kọjá, wọ́n á na kọ́kọ́rọ́ sí i, òun náà á fi í kọ́ ìṣó tí Yáyà kàn mọ́ ògiri fún un. Kò kọ orúkọ sí ìkankan nínú wọn. Á gbọn kọ́kọ́rọ́ létí rẹ̀, á ní, “Ti Olúwọlé rèé,” ojú rẹ̀ á sì wà ní pípadé. Ẹni tó bá ti oko dé á fún un ní ewébẹ̀ tàbí iṣu kan, á bá a jókòó díẹ̀, á sọ bí òjò ṣe rọ̀ lọ́nà oko, kó tó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ. Èmi máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ni kábíyèsí wa, torí kò sẹ́ni tó lè wọ ilé ara rẹ̀ láìkọ́kọ́ kí i.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan tí mo tún ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ bẹ́ẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá Gift, ùgbà tí mi ò lè roko mọ́, mo rò pé mo ti di ẹrù sí gbogbo ayé lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé mo ṣì wúlò.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mo sì jáwọ́ nínú yẹ̀yẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

Nínú gbogbo kọ́kọ́rọ́ yẹn, ti Alice yàtọ̀. Alice, ìyá Bùkúnmi, ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ń pọnmi lódò. Ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìkejì ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, kò sì sí ọdún tí wọn kì í jọ jẹ. Ilé wọn fara kanra. Alice ń gbé gàrí lọ sí ọjà Ìkọ̀lé, òun nìkan ló sì ń gbélé, nítorí Bùkúnmi ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní yunifásítì ní Ìkọ̀lé. Kọ́kọ́rọ́ méjì ni Alice ní. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìkejì wà lórí ìṣó Ràṣídátù tọ̀sán-tòru, ì báà jẹ́ pé Alice wà nílé tàbí kò sí. A ò bi wọ́n ní ìdí rẹ̀ rí. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Kòrónà wá dé. Wọ́n ti ilé ìjọsìn, nígbà tó yá wọ́n tún ṣí i. Ní Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Alice, Olúwọlé wá gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ó ní òun á máa mú un lọ sóko. Ìyàwó Samson wá gba tiwọn. Ayọ̀délé wá. Wọn ò sọ ìdí, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Alice ló dé kẹ́yìn. Ó fi ègé aṣọ di ọwọ́, ó fi ègé aṣọ náà yọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò lórí ìṣó, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, níṣojú Ràṣídátù.

“Má bínú sí mi, Ràṣídá.” Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Ràṣídátù fi ọ̀pá dìde, ó yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn Alice, ó sì jókòó.

Mo dá ẹ̀rọ dúró, mo sọdá. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀. “Kí ni mo ṣe? Ṣé nítorí pé mo jẹ́ Mùsùlùmí ni? Àbí wọ́n ní mo ti kó àrùn?” Mi ò mọ̀, nítorí Mísà Kátólíìkì tiwa ni èmi lọ ní tèmi, a ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa kọ́kọ́rọ́ níbẹ̀. Inú bí mi gidigidi. Mo ní kí n lọ bá Alice lójú ẹsẹ̀, Ràṣídátù di aṣọ mi mú. Ó ní bí Alice bá ní ohun kan lọ́kàn, ẹnu Alice ni òun fẹ́ ti gbọ́ ọ. Agídí àwọn méjèèjì ò kéré, ọ̀rọ̀ náà sì wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kò rọ́ àlá fún mi mọ́. Tí mo bá bi í, á ní kò sí. Ọjọ́ kan péré ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. Ó ní òun wà nínú ilé ńlá kan tí kò ní fèrèsé, tí gbogbo ògiri rẹ̀ jẹ́ kìkì ilẹ̀kùn. Òun ń kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn wà nínú ilé náà, òun ń gbọ́ èémí wọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi òun pé ta nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà Ìkọ̀lé ń ná, Bùkúnmi sọ̀ kalẹ̀ nínú takisí, ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ó kan ilẹ̀kùn ìyá rẹ̀, kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó rò pé ọjà ni ìyá òun lọ, àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìdó dé ni, níbi tí mo ti lọ ra òwú. Ó wá sọ́dọ̀ Ràṣídátù, bó ṣe ń ṣe láti kékeré.

“Ẹ kúulé, Màmá. Ẹ bá mi mú kọ́kọ́rọ́ wa.”

“Kò sí lọ́wọ́ mi, ọmọ mi. Jókòó, ìyá rẹ á dé.”

Bùkúnmi jókòó lókèèrè díẹ̀. Èmi náà gbé aṣọ tí mò ń ṣẹ́ etí rẹ̀ sọdá, nítorí ojú ọmọ yẹn ti wọ́n mi. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti jókòó ti Ràṣídátù, ó sì dájú pé kò fẹ́ kó tètè lọ. Ó ní, “Ìwọ tí o ń kàwé nípa ohun tíntìntín inú ara, àrùn yìí, báwo ló ṣe ń wọlé síni lára ná?”

“Kòkòrò náà ò ní ẹsẹ̀, Màmá, kò ní ẹnu. Kì í jẹ, kì í mu. Àpò ọ̀rá kékeré kan ni, ìdí nìyẹn tí ọṣẹ fi ń tú u ká. Ọ̀rọ̀ gígùn kan ló wà nínú àpò náà, lẹ́tà mẹ́rin péré ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Irú ìkọ̀wé yẹn náà ni ara wa fi ń ránṣẹ́ sí ara rẹ̀. Níta àpò náà, nǹkan ṣóńṣó ṣóńṣó ló yí i ká. Ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.”

“Ó ní kọ́kọ́rọ́?” Ràṣídátù la ojú.

“Ó ní. Ilé kéékèèké ló para pọ̀ di ara wa, sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn tó wà nínú imú àti ẹ̀dọ̀fóró ní ihò kọ́kọ́rọ́ kan lára. Kì í ṣe nítorí àrùn ni Ọlọ́run fi ṣe é síbẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó má jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ wa ru jù. Ṣóńṣó orí kòkòrò yẹn ló kàn ṣe wẹ́kú ihò náà.”

“Ta ló gé kọ́kọ́rọ́ náà fún un?”

“Kò sẹ́ni tó gé e. Bó ṣe ń pọ̀ sí i ló ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí ó fi bá ihò mu. Ohun tó máa dùn yín jù ni pé ara wa gan-an ló tún ń ràn án lọ́wọ́. Nǹkan kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń gé nǹkan bíi sísọ́ọ̀sì Ìyá Gift. Òun ló máa gé ṣóńṣó yẹn, ṣóńṣó náà á sì fa àpò kòkòrò mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì. Ẹ ti rí bí ẹ̀kán ọ̀rá méjì ṣe ń pàdé lórí ọbẹ̀ tí wọ́n á di ọ̀kan? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ inú àpò á dà sínú ilé.”

Ràṣídátù ti pa ojú dé. Mo mọ ibi tó wà. Ó ti wọ inú ilé náà lọ.

“Kò sí ẹni tó máa bi í nínú ulé náà pé ta ló rán ọ?”

“Àwọn òṣìṣẹ́ wà níbẹ̀ o, àmọ́ iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ka ọ̀rọ̀ tó bá dé, kí wọ́n ṣe ohun tó wí. Wọn kì í bèèrè ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe jáde ni adàwékọ tí yóò máa da ọ̀rọ̀ náà kọ. Adàwékọ yẹn mọṣẹ́, Màmá. Tó bá ṣi lẹ́tà kan kọ, á padà sẹ́yìn, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọn á máa ṣe kòkòrò tuntun jáde títí wọn á fi kún ilé, wọn á jáde, wọn á lọ wá ilẹ̀kùn mìíràn.”

“Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn ò burú,” ni Ràṣídátù wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. “Èmi náà kì í bèèrè. Ẹni tó bá na kọ́kọ́rọ́ sí mi, mo gbà á nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí Bùkúnmi gbójú sókè wo ògiri. “Màmá, àwọn kọ́kọ́rọ́ dà?”

“Wọ́n ti kó wọn lọ. Láti Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé ùgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì yín ṣí.”

Ọmọ náà yọ fóònù, ó wá nǹkan kan títí, ó sì na fóònù náà sí mi. Àwọn aṣáájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló ti ní kó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àrùn náà, kí Bàbá Adégbóyè tó máa ń ka ìfilọ̀ lè kà á fún ìjọ. Ẹ sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Yorùbá lórí fóònù, kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí: “E fi aso bo imu. Kokoro yii ni kokoro lowo, oun lo fi n si ilekun ara wa. Eyin eniyan mi, e ma gba kokoro lowo ara yin.”

Mo kà á sókè, ohun tó sì jáde lẹ́nu mi, kí n tó mọ̀, ni, “Ẹ má gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ara yín.”

“Kòkòrò ni mo kọ!” Bùkúnmi fò dìde. “Kòkòrò, ẹ̀yin èèyàn!”

Ràṣídátù ò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ tó mọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ó pè wọ́n lábẹ́ ahọ́n, ọ̀kan wálẹ̀, ọ̀kan gòkè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà le débi tí ó fi mú àyà, ó sì di ẹkún díẹ̀ láàárín, ó tún padà di ẹ̀rín. “Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra mi,” ló ń wí. “Kì í ṣe pé Alice kórìíra mi.” Ó di ọ̀pá mú, ó dìde, ó yí àga rẹ̀ padà kí ó lè kọjú sí ilẹ̀kùn ọ̀rẹ́ rẹ̀, kí Alice lè bá ojú rẹ̀ níbẹ̀ tó bá ti ọjà dé.

Kò jókòó. Ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn àga.

“Bùkúnmi. Bàtà tí ìyá rẹ ń wọ̀ lọ ọjà rèé lẹ́nu ọ̀nà.”

A sáré. A kan ilẹ̀kùn, a pè, a fi etí sí i. Èémí kan ń fà nínú ilé, ó ń fà bí ẹni ń fa igi gbẹ lórí sìmẹ́ńtì. Alice ti ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kejì sì wà nínú ilé pẹ̀lú rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Olúwọlé wá irin títí kó tó rí, ó fi yọ ilẹ̀kùn náà. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ràṣídátù fi ẹnu sí àlàfo ilẹ̀kùn, ó ń pe, “Alice, mo wà níbí o. Alice, mímí ni kí o máa mí.” Bùkúnmi ò jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wa wọlé. Òun àti awakọ̀ takisí kan tí a dá dúró lójú títì, tó fi aṣọ bo imú, ni wọ́n gbé e jáde, ètè rẹ̀ ti dúdú. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ní Ìdó ni wọ́n gbà.

Nígbà tí eruku ọkọ̀ lọ sílẹ̀, Ràṣídátù ní, “Ká ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mi ni, àárọ̀ ni ǹ bá ti wọlé tọ̀ ọ́.” Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó ń dun èmi ni pé Bàbá Adégbóyè ka ti aṣọ bíbo imú dáadáa o. Kò sẹ́ni tó gbé ìyẹn relé. Wọ́n ń fọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì ń kọrin sí ara wọn lójú ní ṣọ́ọ̀ṣì, bẹ́ẹ̀ èémí ni kòkòrò náà ń bá rìn.

Bàbá Adégbóyè fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Mo ti múra láti bú u tán. Ó ní, “Ràṣídátù, jọ̀ọ́. Kọ́kọ́rọ́, ilẹ̀kùn, ni mo ti ń kà bọ̀. Mo dé orí ‘gbà lọ́wọ́’. Ta ló ń gba kòkòrò lọ́wọ́ èèyàn? Kọ́kọ́rọ́ ni èèyàn ń gbà.” Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ilé tirẹ̀, ó fi kọ́ ìṣó. Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tijú. Ràṣídátù gba gbogbo rẹ̀, ó dúpẹ́, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìdó ni ọkàn rẹ̀ wà.

Àlá tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ń wọ inú ara Alice lọ ní alaalẹ́, ẹsẹ̀ òun méjèèjì sì dá ṣáṣá níbẹ̀. Ọ̀nà inú rẹ̀ pupa, ó sì móoru. Ilé kéékèèké tò lọ títí ojú ò fi rí òpin wọn, Alice kékeré kan sùn nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn elórí ṣóńṣó ń léfòó níta, wọn ò bínú sí ẹnikẹ́ni, wọ́n kàn ń fi orí kan ilẹ̀kùn kiri ni. Òun á máa lọ láti ilé dé ilé, òun á máa sọ pé, “Alice, má ṣí i. Kọ́kọ́ bèèrè.” Ó máa ń rẹ̀ ẹ́ tó bá jí. Ó máa ń jókòó bí ẹni tó ti oko jíjìn dé.

Bùkúnmi wá pè lórí fóònù pé ara ìyá òun ti ń dá kòkòrò náà mọ̀. Ara ti mọ bí ẹnu kọ́kọ́rọ́ náà ṣe rí, ó ti ń ṣe nǹkan tíntìntín tó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín rẹ̀, kó má bàa lè wọ ihò mọ́. “Mo ti rí wọn,” ni Ràṣídátù wí. “Wọ́n rọ̀ bí ìda.” Mo bi í bóyá kí Bùkúnmi tó sọ ọ́ ló ti rí wọn, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n lọ máa rán aṣọ mi.

Alice padà dé. Ó rù, ọrùn rẹ̀ ti di egungun, ó ń dúró láti mí láàárín takisí àti ilé. Olúwọlé ti fi ilẹ̀kùn sípò, ó ti ra àgádágodo tuntun sí i. Alice ò wọlé. Ó mú ọ̀kan nínú àwọn kọ́kọ́rọ́ náà ní ọwọ́ lásán, láìsí aṣọ, ó rìn lọ bá Ràṣídátù.

“Ràṣídá, gbà.”

Ràṣídátù ò nawọ́. “O ò bi mí,” ló wí. “Láti ùgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Wọ́n ní má gbà lọ́wọ́ mi, o ò wá bi mí. O fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lójú mi. Kọ́kọ́rọ́ kọ́ ni o fọ̀, Alice. Èmi ni.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti dákẹ́. Mi ò ní purọ́, mò ń gbọ́ wọn.

Alice wá àpótí, ó jókòó. Ó pẹ́ kí èémí rẹ̀ tó tó ọ̀rọ̀ sọ. “Ẹ̀rù ukú bà mí,” ló wí. “Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù náà pọ̀ ju ìfẹ́ rẹ lọ lọ́kàn mi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Mi ò ní òmíràn.”

Ràṣídátù ń wò ó. Ó ń wo bí àyà rẹ̀ ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀.

“Ta ló máa bá ọ sùn nínú ulé?”

“Kò sí. Bùkúnmi á padà sẹ́nu ìwé lọ́la.”

“Tí èémí bá tún há ọ ńkọ́?”

Alice tún na kọ́kọ́rọ́ náà sí i.

“Mú kọ́kọ́rọ́ rẹ dání,” ni Ràṣídátù wí. “Mi ò gbà á. Ìwọ ni kí o wá sọ́dọ̀ mi. Lọ gbé ẹní rẹ.”

Alice sunkún níbẹ̀, kò bo ojú. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ẹní àti ìrọ̀rí, kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tó ń jáde, kò tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn.